Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ilé Ni Mo Ní Lọ́kàn

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún

Wọ́n wọlé lónìí. Láti ìdájí ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọjá níwájú ilé wa nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tí àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n lọ́wọ́, gbogbo ojú sì ń yà sí fàráńdà wa níbi tí Ṣemílọ́rẹ, ọmọbìnrin mi, jókòó sí, tó ń ka ìwé ìròyìn àná sókè. Mo rí ojú wọn. Mo kí àwọn kan, wọn ò dáhùn tán kí wọ́n tó tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Ká ní mo gbé omi inú ọ̀rá lé e lórí kó máa tà á lójú títì Ọjà Àlàbá ni, kò sẹ́ni tó máa wò mí báyìí.

Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà Kérésì, kò sì jọ pé ó fẹ́ rọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní kílásì mẹ́ta ni ilé-ìwé onígéètì pupa yẹn ní Òkókómaikò ti ń gbé ipò kìíní fún un. Ipò kìíní! Ìyàwó mi, Bámikẹ́, lẹ ọ̀kan nínú àwọn rìpótì káàdì náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àjàngbádì, láàárín àwọn aṣọ ọmọdé tó ń tà. Àfi ìgbà tí ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀, tí mo ní kí Ṣemí bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò òògùn. Ó ń wo ìgò náà bí ìgbà téèyàn ń wo ojú àlejò tí kò mọ̀ rí. Kò lè kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òyìnbó tí kò le rárá, ọmọ tó gba ipò kìíní ò lè kà á. Mo bi í pé báwo ló ṣe wá ń gba gbogbo máàkì yẹn. Ó ní tíṣà ló máa ń kọ ìdáhùn sójú pátákó kí wọ́n tó gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Mo yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé náà. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń kọ́ ọ fúnra mi, èmi Àlàbí, tí mi ò kà ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ, tí mo ń tún ẹ̀rọ iná ínfátà ṣe ní fàráńdà ilé nítorí pé ṣọ́ọ̀bù Àlàbá ti ju agbára mi lọ. Bámikẹ́ fara mọ́ ọn tìkọ̀tìkọ̀. Ó sì ti fẹnu ọ̀rọ̀ jóná: bí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kankan ò bá gba Ṣemí kí oṣù kẹsàn-án tó dé, ó ń padà sí géètì pupa, á sì tún kílásì mẹ́fà ṣe. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun náà ló bí i.


Ọjọ́bọ̀, 8

Òjò. Omi gba fàráńdà, a kó tábìlì wọ pálọ̀. Ó ka odindi ojú ìwé kan láìdúró, àfi ọ̀rọ̀ kan tí èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè. Mo ní ká fò ó. Inú mi ò dùn sí ara mi.


Ọjọ́rú, 14

Alhaji Tàjúdéènì, onílé wa, dúró tì wá láàárọ̀ yìí. Ọmọ bíbí ìlú Ọjọ́ ni wọ́n, àwọn bàbá wọn ló ni ilẹ̀ tó fi dé ẹ̀yìn Navy Town, wọn ò sì rí ohun tó yẹ kí wọ́n máà béèrè nínú ilé ara wọn. Wọ́n ní ṣé ọmọ yìí ò lọ sílé-ìwé ni. Mo ní ó ń kàwé, bàbá, ẹ wò ó.

"Mo rí i pé ó ń kàwé. Mo ní ṣé kò lọ sílé-ìwé?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan la wọ̀ tó ní ká má rán ọmọ nílé-ìwé mọ́. Mo ní rárá o. Wọ́n ní ṣé ara rẹ̀ ò yá ni. Mo ní ara rẹ̀ le. Wọ́n wá káàánú mi, mo rí i lójú wọn, wọ́n ní bó bá jẹ́ tìtorí owó ilé-ìwé ni, kí n má tijú, kí n sọ. Ṣemí ti tẹrí sínú ìwé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ni.

"Ó kàn ń jókòó sílé nìyẹn," ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí. Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ ń jókòó sílé. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ń jókòó sílé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rówó san ń jókòó sílé. Ṣemí ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń kanrí, ó ń jókòó sílé náà ni. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe ohun tí à ń ṣe, mi ò rí i.


Ọjọ́ Ajé, 19

Wọ́n mà fi mí ṣẹ̀sín lónìí.

Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dáa jù, mo lọ sí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan lọ́nà Ìbà tí Bámikẹ́ fẹ́ràn, nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń kí i tí wọ́n bá ń kọjá. Ọ̀gá ibẹ̀, Mísísì Florence, ní kí n jókòó. Ohùn rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì nífẹ̀ẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó fi òyìnbó bi mí pé ilé-ìwé wo ni ọmọ wà báyìí. Mo fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ó há mi lẹ́nu, mo bá yà sí Yorùbá.

"Kò sí nílé-ìwé kankan báyìí, mà. Ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń kọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, òun náà wá fi Yorùbá bi mí pé kí ni ọmọ náà ṣe. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́. Mo ní ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹ̀kọ́ kankan lára rẹ̀, pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo ti tún un mú, pé mi ò gbà á láyè eré.

Ó ń mi orí. Ó ní mo ṣeun gan-an, irú òbí bíi tèmi ò wọ́pọ̀ mọ́. Orí mi wú! Ó ní kí n má dẹwọ́ o. Ó ní, "Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí ẹ bá rí i pé ó ti yí padà, ẹ mú un wá ká wò ó."

Ọdún tó ń bọ̀! Kó ti yí padà di kí ni? Kò ní kí n mú ọmọ wá kàwé sóun létí. Kò béèrè ohun tó mọ̀ nínú ìṣirò. Ó ti ń sìn mí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé nínú oòrùn, mò ń dá sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn náà ni. Ẹni tí kò bá ti gba ẹnu géètì wọn wọlé, wọn ò kà á séèyàn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Bámikẹ́ ní kí n tún ohun tí mo sọ sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo tún un sọ. Ó gbé aṣọ tó ń gán bọ́tìnì sí lára sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹ̀kọ́ ilé lẹ̀ ń kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún wá ní kò sí ẹ̀kọ́ lára rẹ̀?"

"Kò kúkú sí!"

"Bàbá Ṣemí," ó ní, "ẹ lọ fẹjọ́ ọmọ yín sùn lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbà á."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà! Ẹ̀kọ́ ilé: kí àgbà láàárọ̀, má jẹun lójú títì, má wo àlejò lẹ́nu. Mo dìde nílé mi, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, mo lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé ọmọ mi ya ìpáǹle débi pé mo ní láti yọ ọ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí n tó lè tún un tọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ń kí Alhaji, orúnkún rẹ̀ á kanlẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó jáde!

Mo ti ń bú obìnrin yẹn láti àná. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó tiẹ̀ gbóríyìn fún mi. Bí mi ò bá lè sọ gbólóhùn kan tó já gaara ní èdè tí wọ́n fi wẹ̀ mí, kí ni mò ń kọ́ ọmọ yìí?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Ọjọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n ń yan kọjá lójú títì, ìlù ń dún, ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹpẹtẹ. Ṣemí dúró sẹ́nu géètì wò wọ́n títí wọ́n fi tán. Ó padà wá jókòó, ó ní ká máa bá a lọ. Mo ní ká má ṣiṣẹ́ lónìí. Ó ní kí la wá fẹ́ ṣe. Mo ra mọ́sà àti mínírà fún un, a jọ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ pé àwọn ń gún èèyàn lọ́kàn.


Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Mo mú Ṣemí dání lọ sí ilé-ìwé mìíràn, èyí tó wà nítòsí ibùdókọ̀ Òkókómaikò. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mò ń kọ́ ọ níwèé nílé. Ìwé! Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ mọ́.

Orúkọ wa nìkan ni mo kọ sínú ìwé àlejò lẹ́nu géètì, mi ò tíì la ẹnu. Ọkùnrin tó ni ilé-ìwé náà wo èmi, ó wo ọmọ, ó ní, "Hẹ̀n, ṣé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyí?"

Gbogbo àwọn onílé-ìwé yìí ló ń ṣèpàdé pọ̀. Mísísì Florence ti fi mí ṣàpẹẹrẹ òbí rere níbẹ̀, ó ní káwọn òbí yòókù fìwà jọ mí. Ọkùnrin náà ò bínú sí wa. Ó kàn sọ pé òun ní ọmọbìnrin púpọ̀ nílé-ìwé, òun ò fẹ́ kí ẹnì kan kó bá àwọn tó kù. Ó sọ ọ́ lójú ọmọ. Ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń fún un ní súìtì.

Mo gbé ohùn sókè. Mo sọ̀rọ̀ dé ibi tí kò yẹ, mo pe ìpàdé wọn ní ìpàdé àwọn olófòófó. Ìyẹn náà wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún un, mo rí i bó ṣe wò mí, bí ẹni pé ó ti wá mọ ibi tí ọmọ ti mú un.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, Ṣemí ò jẹ súìtì náà. Ó dì í mọ́wọ́. Ìgbà tó yá ó ní, "Dádì, kí ni mo ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní èmi ni mo ṣì í sọ.

"Ṣé ẹ ti lọ sọ fún màmá yẹn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò tíì lọ.

"Kí ló dé?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Ìbà nítorí pé ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́ pé mi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.


Ọjọ́bọ̀, 5

Ìdá ni a ṣe lónìí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀: ro ti òkè mọ́ ti òkè, ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ìdá kan nínú méjì, fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, ó di ìdá méjì nínú márùn-ún. Ó ṣe é, mo máàkì rẹ̀, mo fún un ní gbogbo máàkì. Ó ń wo ìwé náà. Ó mú búrẹ́dì orí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ pààlà sí i lára. Ó ní, "Dádì, ààbọ̀ la kọ́kọ́ ní. A tún wá fi nǹkan kún un. Báwo ló ṣe wá dín sí ààbọ̀?"

Mo ní kó dákẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn! Ohùn tíṣà onígéètì pupa gan-an ló jáde lẹ́nu mi.

Mo pe Kọ́lá tí a jọ ń tún nǹkan ṣe ní Àlàbá tẹ́lẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi lórí fóònù, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún ń fún un ní máàkì lé e lórí. Kí ni ìyàtọ̀ èmi àti wọn? Mo fa igi sí gbogbo iṣẹ́ náà, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Inú Ṣemí dùn gan-an. Ó ń kọrin pé òun bá Dádì rí àṣìṣe. Ó kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 6

Iléyá. Alhaji fún wa ní itan àgbò. Tòmátì ò ṣeé yà sí ní Àjàngbádì, Bámikẹ́ fi tàtàṣé nìkan se é, ó sì dùn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo lọ. Mo dúró lórí ìdúró sọ ọ́ fún Mísísì Florence kí ojú tó tún tì mí: "Ìwé ni mò ń kọ́ ọ nílé, mà. Ìwà rẹ̀ ò ní àbùkù. Èmi ni ẹnu mi kọsẹ̀."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mò ń dọ́gbọ́n. Ó ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní mo mọ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní òun tiẹ̀ ti ń gbàdúrà fún ọmọ náà ní ìpàdé. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí wá ṣe ìdánwò ìwọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sí ẹni tó máa rẹ́ ẹ jẹ.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo tún fẹ́ràn obìnrin náà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Òjò àárọ̀ fi ẹrẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà Ìbà. Mo gbé Ṣemí kọjá ibi tí omi dárogún sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tóbi jù. Àwa òbí wà lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ọmọ wà nínú gbọ̀ngàn. Ọmọ géètì pupa pọ̀ níbẹ̀, mo dá yunifọ́ọ̀mù wọn mọ̀.

Ṣemí ló gbẹ̀yìn jáde. Ó ní òun ò dáhùn gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní kò burú. A ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó tó sọ èyí tó kù. Tíṣà kan wà tó ń rìn káàkiri, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Adéṣẹwà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ létí. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Ṣemí, ó fẹ́ sọ ìdáhùn kan fún un. Ṣemí ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún mi, mà." Àǹtí ò dáhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣemí bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Mo dúró sójú ọ̀nà. Mo fẹ́ gbé e sókè, mo fẹ́ fọ́ nǹkan. Níbẹ̀ náà! Níbi tí ohùn ti tutù, tí ara ti mọ́ tónítóní!

Ó ní, "Ṣé mo ṣe àìdáa?" Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Wọ́n pè láti ilé-ìwé. Mísísì Florence fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ìwé ọmọ wa ò burú, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà nílẹ̀: ó fi ìwọ̀sí lọ olùkọ́ lójú gbogbo ọmọ, àgbà ń bá a sọ̀rọ̀, ó di etí. Ó ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ mú un wá lọ́jọ́bọ̀ kó wá tọrọ àforíjì, kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ ìgbàwọlé. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, tàánútàánú, "Ó jọ pé ẹ̀kọ́ ilé yẹn ṣì kù díẹ̀, sà."


Ọjọ́rú, 18

Ìjà. Mo ní Ṣemí ò ní kúnlẹ̀ fún olè kankan. Bámikẹ́ ní kíkúnlẹ̀ ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀, wọn ò ní àwọn fẹ́ gé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ géètì pupa. Èmi náà ò kúkú fẹ́ ẹ mọ́. Èyí nìkan ló kù tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ fẹ́ tìtorí ìbínú yín tì í mọ́ ọmọ lójú?"

Mo ní ìbínú mi kọ́ ni.

"Ìbínú yín ni, Bàbá Ṣemí. Láti oṣù kejìlá, kí lẹ ò tíì bínú sí nínú ayé yìí? Àwọn ọmọ ń yan lójú títì, ẹ bínú. Tòmátì wọ́n, ẹ bínú."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mò ń fi ọmọ ọdún mọ́kànlá ja ogun tí mi ò lè jà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ṣemí jókòó sórí àga, ó ń gbọ́ wa. Ó ní òun máa lọ kúnlẹ̀. Ó ní lóòótọ́ kò yẹ kí òun di etí mọ́ àgbà.


Ọjọ́bọ̀, 19

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi kún un.

Mísísì Florence wà lórí àga rẹ̀, Àǹtí Adéṣẹwà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọge ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, kò wo ojú wa. Bámikẹ́ fọwọ́ kan Ṣemí léjìká. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà, pé mo di etí mọ́ yín. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mísísì Florence ní ó dáa, pé ọmọ dáadáa ni. Àǹtí Adéṣẹwà ò dákẹ́. Ká ní ó dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ó ní, "Kí lo wá fi ń di etí? Kí ni mo sọ fún ẹ tí kò dáa?"

Ṣemí wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, bóyá kí òun dáhùn. Àgbà ló bi í léèrè. Ẹ̀kọ́ ilé ní kó dáhùn.

"Ìdáhùn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ìwé ni, mà. Ẹ ti sọ ọ́ fún Tìmílẹ́hìn tó jókòó níwájú mi. Ẹ ní kí n kọ ọ́ kíákíá. Ẹ̀yin náà lẹ ní àwọn tí màmá wọn ti wá rí yín nìkan lẹ̀ ń sọ ọ́ fún, pé kí n rántí dúpẹ́."

Ohùn àwọn ọmọ tó ń ṣeré lóde ló ń wọlé. Bámikẹ́ ń wo ilẹ̀. Ní àkókò yẹn ni ó yé mi pé òun náà ti wá rí Àǹtí yìí. Lẹ́yìn náà ló tó sọ ọ́ fún mi: ó ti wá sí ilé-ìwé náà láìjẹ́ kí n mọ̀, ó mú aṣọ ọmọdé dání fún Àǹtí Adéṣẹwà tó lọ́mọ ìkókó. Ó ṣe é tọkàntọkàn, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rù ló bà á. Mo wá ìbínú mi tì, mi ò rí i níbi tí mo máa ń fi í sí.

Mísísì Florence ní kí Ṣemí lọ dúró níta. Ó ní kí Àǹtí náà máa lọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ tún tutù sí i. Ó ní òun máa bá ọmọge yẹn sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, gbogbo ìdánwò náà ló máa dojú dé, orúkọ ilé-ìwé á bàjẹ́, orúkọ àwọn kan tó jókòó síbí náà á wà nínú rẹ̀. Kí kálukú gbàgbé rẹ̀. Ó ní kí a mú Ṣemí wá ní oṣù kẹsàn-án, àyè rẹ̀ ti wà. Kí a kàn sọ fún un pé àṣìgbọ́ ló gbọ́.

Àyè náà nìyẹn, ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Ó wà lórí tábìlì, mo kàn máa mi orí ni. Mo bojú wo Bámikẹ́. Mi ò ní purọ́: mo fẹ́ kó gbà. Mo fẹ́ kó gbà kí ẹ̀bi rẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀, kí n máa bínú lọ ní tèmi.

Bámikẹ́ dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísísì Florence.

"Ẹ ṣé, mà. Èmi ni mo gbé aṣọ wá, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé ká sọ fún un pé àṣìgbọ́ ló gbọ́, kí wá ni ọmọ mi kúnlẹ̀ fún?"

A jáde.

A dé ojú títì kí ẹ̀rù tó mú mi. Mo ní, "Bámikẹ́, a mà ti sọ àyè nù." Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí la wá fẹ́ ṣe. Ó di Ṣemí lọ́wọ́ mú, ó ń yẹ ẹrẹ̀, ó ní tí a bá délé ká kọ́kọ́ jẹun.


Ọjọ́ Àìkú, 22

A sọ ọ́ títí. Kò sí géètì pupa mọ́, Bámikẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ti yọ káàdì yẹn kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ṣemí ń kàwé nílé títí a ó fi rí ibi tó dáa, bí a ò bá sì rí, á ṣe ìdánwò àṣekágbá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá ṣe é, àwọn èèyàn ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ìgbà yẹn tó dé, ọdún rẹpẹtẹ ni. Mo bi Ṣemí bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ilé-ìwé tó ní ọ̀rẹ́ nínú. Mo ní mo gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun lè dúró.

Inú ń bí mi pé ọmọdé ló ń dúró dè wá.


Ọjọ́ Ajé, 23

Bámikẹ́ ò lọ sí Àjàngbádì láàárọ̀. Ó ní ọ̀sán ni òun á máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láti òní lọ. Ó fa àga wá sídìí tábìlì, ó ní òun gba ìṣirò lọ́wọ́ mi, kí n gbájú mọ́ kíkà. Kò bẹ̀ mí, kò fi ṣeré. Mo ní mo ti ń mọ ìdá ṣe báyìí o. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó dùn mí wọra. Mo gbé ínfátà kan wá sítòsí bí ẹni fẹ́ tún un ṣe, mo ń gbọ́ wọn. Ó ń kọ́ ọ ní áljẹ́brà láti inú ìwé kan tó yá. Ó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, níbi tí kò bá ti dá a lójú ó ń sọ pé kò dá òun lójú, wọ́n jọ ń wò ó. Mo ti gbé sikurudiráfà mi sílẹ̀ láìmọ̀. Bámikẹ́ béèrè ìbéèrè kan. Ṣemí nawọ́ sókè. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ tèmi náà ti wà lókè.

Bámikẹ́ wò wá, ó sì pe Ṣemí.